Obìnrin Tó Fi Orúkọ Pamọ́ Sínú Nọ́ńbà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Eileen Gray

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo júbà. Ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín. Ẹ̀yin ayàwòrán ilé, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ tò sẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe àga la wá sọ, àga sì ni kò tó. Ẹ forí jì wá.

Kí n tó la ọ̀rọ̀, ẹ bá mi wo tábìlì kékeré tí mo gbé omi mi lé yìí. Gíláàsì roboto ni ojú rẹ̀, páìpù irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ náà ò sí láàárín. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fìdí kalẹ̀ sí, bí ẹni tó yẹra kí ẹlòmíràn lè ráyè kọjá. Mo yá a ni o, kì í ṣe tèmi. Ẹ fi sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Èyí tí mo fẹ́ gùn lónìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bó bá wá jẹ́ ilé gan-an la fẹ́ sọ lórúkọ ńkọ́? Kí là ń wò? Ilé kan wà létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, E-1027 lorúkọ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, nọ́ńbà ọkọ̀ ni mo pè é. Orúkọ ènìyàn méjì ló wà nínú ẹ̀, orúkọ ẹni tó sì ṣe wàhálà ilé náà jù ni ayé gbàgbé fún bí ogójì ọdún. Obìnrin ni. Eileen Gray ló ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àga àti gíláàsì tàn yín jẹ: ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orírun rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1878 ni wọ́n bí i, nítòsí ìlú Enniscorthy ní ilẹ̀ Ireland. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Kathleen Eileen Moray Smith. Ṣé ẹ gbọ́ Gray níbẹ̀? Kò sí níbẹ̀. Smith ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, ayàwòrán sì ni. Nígbà tó di 1895, oyè ìdílé kan ní ilẹ̀ Scotland bọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá di Lady Gray. Ni bàbá bá so Gray mọ́ orúkọ tirẹ̀, àwọn ọmọ náà sì di Gray. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ti rí i pé orúkọ ṣeé bọ́, ó sì ṣeé wọ̀. Ẹ ó rí i níwájú pé ohun tó rí yẹn ò kúrò lára rẹ̀.

Owó wà nílé wọn, n ò ní purọ́ fún yín. Ẹ má retí ìtàn ọmọ tálákà tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Ìyà tirẹ̀ yàtọ̀. Ó kọ́ àwòrán yíyà ní ilé ẹ̀kọ́ Slade ní London. Ní 1902 ó kọjá sí Paris, kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi gba ilé sí nọ́ńbà 21 ní òpópónà Bonaparte. Ibẹ̀ ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí àádọ́rin ọdún nínú ilé kan ṣoṣo.

Mo bọ́ sórí iṣẹ́ wàyí. Ẹ̀yin tó ń kun fáníìṣì, tèmi tiyín nìyí.

Ní àdúgbò Soho ní London, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń tún àwọn ìdábùú àtijọ́ ṣe, irú àwọn alábala tí wọ́n ń gbé sáàárín yàrá, tó ṣeé ká bí ìwé, tí wọ́n kó wá láti Éṣíà. Ara wọn ń dán bí omi tó dúró. Gray rí i, ó wọlé, ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ. Nígbà tó dé Paris, ó pàdé ọmọ Japan kan, Seizo Sugawara, ó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin olówó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Kí ni wọ́n fi ń kun nǹkan yìí? Oje igi ni. Urushi làwọn ará Japan ń pè é. Wọ́n á kùn ún ní fẹ́lẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi nǹkan bó o kó jọ̀lọ̀, wọ́n á tún kùn ún. Ó lè lé ní ogún ìgbà lórí pátákó kan ṣoṣo. Ẹ tún gbọ́ ìyanu tó wà nínú ẹ̀: oòrùn kọ́ ló ń gbẹ ẹ́. Inú afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló ti ń gan. Ẹni tó bá sá a sóòrùn ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Oje náà ò sì fẹ́ràn awọ ara ènìyàn. Ó ń sọ ọ́ di ara yíyún àti èéyi, ọwọ́ Gray sì jẹ níbẹ̀ dáadáa. Kò jáwọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ òwe yẹn kò sọ fún wa pé ọwọ́ tó mú un lè bó.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó o, gbajúmọ̀ aránṣọ kan ní Paris, Jacques Doucet, ẹni tó tún máa ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, ra ìdábùú alábala mẹ́rin kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ pupa ni, ọdún 1914 ni. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Faransé ni Le Destin. Tí mo bá túmọ̀ ẹ̀ fún yín, ó di Àyànmọ́. Ẹ rántí orúkọ yẹn. Ó ní ibi tó ń lọ.

Ogun àgbáyé kìíní dé, ó wa ọkọ̀ àwọn aláìsàn ní Paris. Lẹ́yìn náà ló tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1922, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Faubourg Saint-Honoré, níbi táwọn ọlọ́rọ̀ ti ń ra nǹkan. Kí ló kọ síwájú ilẹ̀kùn? Ṣé Eileen Gray ni? Rárá o. Jean Désert ló kọ. Ta ni Jean? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọkùnrin ni Jean lédè Faransé, Désert sì jẹ́ aṣálẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn aṣálẹ̀ àríwá Áfíríkà tó ti rìn dé. Ẹ wò ó lójú ara yín: obìnrin ló ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin tí a kò bí ló ni pátákó. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó mọ ọjà tó ń ná. Ní 1930 ó ti ṣọ́ọ̀bù náà.

Láàárín ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ ti ń kúrò lára oje igi, ó ń lọ sára páìpù irin àti gíláàsì. Ó ṣe àga kan tó rí bí táyà mẹ́ta tí wọ́n tò lé ara wọn, ó pè é ní Bibendum, orúkọ ọkùnrin alárà-táyà tí iléeṣẹ́ Michelin fi ń polówó. Ó tún ṣe òmíràn tó ní ibi ìgbápálé ní ọ̀tún tàbí ní òsì nìkan. Ẹ̀gbẹ́ kejì, òfìfo. Kí nìdí? Kí ẹni tó jókòó lè yí ara, kó nasẹ̀, kó bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé irin tán.

Mo dé orí ilé náà báyìí. Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Gray kan wà, ọmọ Romania, Jean Badovici. Ayàwòrán ilé ni, ó sì tún ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn lórí ilé kíkọ́. Ó kéré sí Gray ní ọdún 15 tàbí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń tì í pé kó kọ́lé. Gray ò lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ilé rí láyé rẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ní 1926 ó bẹ̀rẹ̀, ní 1929 ó parí, ní Roquebrune-Cap-Martin, lórí àpáta tó dojú kọ òkun. Ọkọ̀ ò dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn débẹ̀, ọmọlanke ni wọ́n sì fi ń ti ẹrù. Obìnrin yìí bá àwọn òṣìṣẹ́ gbé ibẹ̀ títí ilé fi jáde.

Orúkọ wá kù. Kí ni wọ́n máa pè é? E ni Eileen. 10 ni J, nítorí pé lẹ́tà kẹwàá ni. 2 ni B. 7 ni G. Eileen, Jean, Badovici, Gray. Lẹ́tà tirẹ̀ wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, ó fi méjèèjì gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra láàárín. Ẹ má fi a-b-d tiwa kà á o! Mo ti gbìyànjú ẹ̀. B bọ́ sí i, G bọ́ sí i, àmọ́ J á di ìkọkànlá, gbogbo ìfẹ́ á dàrú. (Ẹ ṣeun, mo ti rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín síyẹn.)

Ẹ jẹ́ ká wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ọ́ sí ara ògiri lédè Faransé pé: ẹ rọra wọlé. Ó tún kọ òmíràn: ẹ̀rín ò gbọdọ̀ wáyé níbí. Èyí tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á tí kò ní rẹ́rìn-ín. Lára kọ́bọ́ọ̀dù, ó kọ orúkọ ohun tó ń gbé inú ẹ̀: fìlà nìyí, aṣọ oorun nìyí. Àyè ò pọ̀ nínú ilé náà, nítorí náà gbogbo nǹkan ń ká, wọ́n ń yí, wọ́n ń wọ inú ògiri. Ó fi awọ igi kọ́ọ̀kì bo ojú tábìlì kí ife tíì má baà máa dún kóló-kóló. Ó ṣe dígí kan tó ní dígí kékeré lápá, kí ènìyàn lè rí ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀. Ó sì ṣètò ẹ̀ tó fi jẹ́ pé olúkúlùkù lè bọ́ síta láti ibi tó ń sùn láì da ẹnikẹ́ni láàmú.

Ìdí tí mo fi ń ka nǹkan wẹ́wẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ rèé. Ní àwọn ọdún yẹn, ọkùnrin kan wà ní Paris tí gbogbo ayàwòrán ilé ń wo ojú rẹ̀, Le Corbusier. Òun ló sọ pé ilé jẹ́ ẹ̀rọ tí a ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbayé kan. Gray fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó tilẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ìlànà rẹ̀: ilé náà dúró lórí òpó, òrùlé rẹ̀ tẹ́, fèrèsé rẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé kì í ṣe ẹ̀rọ, ó ní ìkarahun ènìyàn ni. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá! Ta ló yẹ kó yé ju àwa lọ? Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ lè dúró kó máa dá ṣiṣẹ́. Ìkarahun tí ò sí ìgbín nínú ẹ̀, kí ni wọ́n ń fi ṣe?

Tábìlì yìí ńkọ́? Inú yàrá àlejò ilé yẹn ni wọ́n gbé e sí. Gray ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó fẹ́ràn kó máa jẹun àárọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì fẹ́ kí èérún búrẹ́dì dà sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ìsàlẹ̀ á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ á sì bọ́ sí iwájú ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ẹ wo irin kékeré tó so mọ́ ẹ̀wọ̀n yìí. Ẹ bá fà á yọ, ẹ lè gbé tábìlì sókè tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún kì í bọ ihò mìíràn. Gbogbo ọgbọ́n inú ẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹun, àbúrò ń wò ó.

Ẹ̀yin ará, ibi tó dùn mí jù ló kù yìí.

Nígbà tí ọdún 1930 fi kọjá díẹ̀, Gray àti Badovici yà. Orúkọ Badovici ló wà lórí ìwé ilé. Gray kó ẹrù, ó fi ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ òmíràn sí Castellar, lórí òkè. Tempe a Pailla ló pè é. Òwe àwọn ará ibẹ̀ ló ti mú un, tó ní àkókò àti koríko gbígbẹ ló ń jẹ́ kí èso pọ́n. Ẹ rí i? Obìnrin yìí ò sọ ilé kankan lórúkọ ara rẹ̀ ní gbangba.

Le Corbusier sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Badovici, ó máa ń wá sùn sí E-1027. Ní 1938 ó kọ lẹ́tà sí Gray, ó yin ilé náà gan-an. Ẹ ò rí nǹkan! Láàárín 1938 sí 1939, ọkùnrin kan náà mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ya àwòrán ńláńlá sára àwọn ògiri náà. Fọ́tò kan wà tó ti ń yà á lọ́wọ́, ìhòòhò ọmọlúwàbí ló wà. Badovici gbà fún un. Gray ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹni tó ya àwòrán yìí ló ti kọ̀wé ní 1925 pé kí gbogbo ènìyàn kun ògiri wọn ní funfun, kí ọkàn wọn lè mọ́. Ògiri Gray funfun. Kí ló wá ń wá níbẹ̀?

Àjòjì lójú, àmọ́ kì í fi ríran, wọ́n ní. Èmi ò gbà fún un lórí èyí. Ọkùnrin yẹn ríran dáadáa. Gray pe ohun tó ṣe yẹn ní ìbanilẹ́rùjẹ́. Nígbà tí Le Corbusier sì gbé fọ́tò àwòrán náà síta lẹ́yìn ogun, kò dárúkọ ẹni tó kọ́lé. Lẹ́yìn náà làwọn òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ pé Badovici ló kọ́ ọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ro pé Le Corbusier ni.

Le Corbusier ò sì lọ. Ní 1952 ó kọ́ àhéré onígi kan sẹ́yìn ilé náà gan-an, tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ń wá ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1965, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun tó wà níwájú ilé náà, omi yẹn ló sì kú sí. Mi ò sọ pé nǹkankan ló ṣe é o. Ẹ̀yin lẹ ń wo ara yín lójú.

Kí n má ṣe ojúsàájú ṣá. Ilé yẹn jìyà púpọ̀. Àwọn ọmọ ogun Jámánì yìnbọn sára ògiri rẹ̀ nígbà ogun. Lẹ́yìn tí Badovici kú ní 1956, Le Corbusier ló wá obìnrin kan láti Switzerland tó rà á, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò wó o. Ọ̀pọ̀ ọdún ló sì jẹ́ pé nítorí àwòrán Le Corbusier làwọn ènìyàn ṣe ń sọ pé kí wọ́n dá a sí. Ẹni tó ba ògiri jẹ́ ló dáàbò bo ilé. Ó ká mi lára láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ìjọba Faransé rà á ní 1999, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àlejò ní 2015. Àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe rí i, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé kí wọ́n pa á rẹ́ ni? Ẹ máa rò ó.

Kí ni Gray ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ogun ti kó ilé rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ ti jóná. Ó dákẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ó kọjá ẹni ọdún 75 kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ilé kẹta fún ara rẹ̀ nítòsí Saint-Tropez. Kò lọ bá akọ̀ròyìn kankan jà. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, ó ń sun wọ́n.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ náà dé ní oṣù Kọkànlá 1972. Wọ́n ń lu ẹrù Jacques Doucet ní gbàǹjo ní Paris. Ẹ rántí aránṣọ yẹn? Ìdábùú pupa jáde. Àyànmọ́! Owó tí wọ́n san lé e jẹ́ kí gbogbo Paris máa béèrè pé ta ni Eileen Gray. Àwọn tó béèrè gbọ́ pé kò tíì kú. Ẹni ọdún 94 ni, nọ́ńbà 21 náà ló ṣì wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oníṣòwò kan ní London, Zeev Aram, bá a jókòó, wọ́n yẹ àga àti tábìlì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n fún títà. Tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde sọ́jà. Orúkọ wo ni wọ́n pè é? E 1027.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1976 ló kú ní Paris, ẹni ọdún 98. Ní 2009, wọ́n lu àga onídírágónì kan tó ṣe ní nǹkan bí 1917 sí 1919 ní gbàǹjo, nínú ẹrù Yves Saint Laurent. Kò ga ju sẹ̀ntímítà 61 lọ. Mílíọ̀nù 21.9 owó yúrò ni wọ́n rà á. Kò sí àga kankan ní ọ̀rúndún ogún tí wọ́n ti rà tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Ireland náà ti ra àwọn ìwé àti irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kó o lọ sí Dublin.

Itẹ́ òkú Père Lachaise ni wọ́n sin ín sí. Owó tí wọ́n ń san lórí ibojì ni ẹbí ò san. Lónìí, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò ní mọ ibi tó dùbúlẹ̀ sí.

Wọ́n ti ń ju ọwọ́ sí mi pé àkókò ti lọ. Mo gbọ́. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ ti ń na ọrùn láti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ fa irin yẹn yọ, ẹ gbé e sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbé omi mi kúrò.